Frejon Ọjọ́ Ẹtì Rere: Àṣìṣe tí Ẹ̀ ń Ṣe Lórí Ohun tí Àlejò ń Gbé Wá

Ọdọọdún ni wọ́n ń pè mí wá sí ìdí ìkòkò ní Lafiaji àti Campos, àdúgbò àwọn Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, ọdọọdún náà ni mo sì ń wo bí àwọn ìyàwó tuntun ṣe ń da owó nù. Wọ́n á se frejon, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè yẹn, bí ẹni tó fẹ́ bọ́ gbogbo Obalende. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀wà, bí wọ́n ṣe ń fún àgbọn tàbí ìgbà tí kànnáfùrù ń wọlé. Bí ẹ bá ti fẹ́ Àgùdà, ìyẹn ọmọ ìdílé Kátólíìkì tó ti Bùràsíìlì padà wá sí Èkó, wọ́n ti fi ìyẹn hàn yín. Àlejò àti ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni mo bá wá.

1. Ẹ má sọ pé "ẹ má wulẹ̀ mú nǹkan kan wá." Kò sí àgbà tó máa wọ ilé ọdún lọ́wọ́ òfìfo. Bí ẹ ò bá yàn fún wọn, wọ́n á yàn fún ara wọn.

2. Ẹ má sì sọ pé "ẹ mú ohun tó bá wù yín wá." Ibí yìí gan-an ni inú ti ń bí mi.

Frejon ni gbogbo wọn máa gbé wá. Àǹtí kọ̀ọ̀kan ló gbà pé bí òun ṣe ń sè é gan-an ni wọ́n ṣe gbé e dé láti Bùràsíìlì. Nílé kan báyìí, ìyàwó ilé ti fi ìkòkò ńlá sè é láti òru. Nígbà tí àwọn èèyàn ti ìsìn agogo mẹ́ta dé, kúlà tò dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ṣí èyí, frejon. Ẹ ṣí tọ̀hún, frejon. Ẹja ńkọ́? Ìwọ̀nba tí onílé dín náà ni. Gàrí ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò rántí. Wọ́n rán ọmọdé lọ ra ẹja díndín lójú títì, ní ọjọ́ tí ẹja ti gbówó lórí tán. Àwọn àǹtí wá ń tọ́ ti ara wọn wò: "Ta ló da ṣúgà sí èyí tó báyìí?" Èmi tí wọ́n pè wá sè é ni wọ́n sọ di adájọ́. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́, àmọ́ ó dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Iná ò sì sí. Ohun tí omi àgbọn wà nínú rẹ̀ kì í dúró de iná ìjọba. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kan. Gọ́tà ló mu owó ẹ̀wà àti owó gáàsì.

Ẹ pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tó wọlé, kí ẹ bá ohùn wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má gbé e sójú WhatsApp ẹbí; àtàǹpàkò ni gbogbo wọn máa fi ránṣẹ́, kò sì sí ẹni tó kà á. Ẹ dárúkọ nǹkan náà, ẹ sọ bó ṣe máa pọ̀ tó: "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹja díndín yín ló ń wù wá jẹ. Ẹ bá wa dín kílò mẹ́ta." Kí wọ́n lè tètè ra ẹja ní Ijora nìyẹn. Èyí tó bá fárígá pé frejon lòun máa sè, ẹ ní, "Tiyín la ó jẹ lọ́dún yìí, mà." Kí ẹ má wá sè é mọ́! Ẹ̀yin á gbà tán, ẹ ó tún fi ìkòkò kaná "nítorí bó bá ṣẹlẹ̀." Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀?

3. Ẹran. Ẹ tètè sọ fún ọ̀rẹ́ tí kì í ṣe Kátólíìkì pé ẹja là ń jẹ lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀gá ọkọ yín bá ṣì gbé ata ẹran ewúrẹ́ dé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìjọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ gbà á, "ẹ ṣé gan-an, sà," kó wọ inú firísà di ọjọ́ Àjíǹde. Bí firísà ò bá ṣeé fọkàn tán, ẹ bù ú fún aládùúgbò tí kò sí nínú ààwẹ̀. Ó ṣáà ń retí abọ́ frejon tiẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má yan oúnjẹ fún àpọ́n. Omi àti yìnyín ni kó gbé wá.

Ẹ̀karùn-ún, àbí ẹ̀kẹfà ni: ike ìgbóúnjẹlọ. Láti 2024 ni ìjọba Èkó ti fòfin de àwo fómù, síbẹ̀ ẹnìkan á ṣì ra ìdì kan wá. Ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń pè wọ́n pé kí kálukú mú abọ́ tirẹ̀ dání.

Kí ẹ sì kọ orúkọ sára kúlà bó ṣe ń wọlé, lára kúlà fúnra rẹ̀ àti lórí ìdérí. Èyí tó bá sọnù, ìyàwó ilé ni wọ́n máa máa bi títí di Kérésì. Kúlà pupa kan wà nílé mi báyìí tí mi ò mọ olówó rẹ̀. Bó bá jẹ́ tiyín, ẹ wá gbé e. Ìdérí rẹ̀ ni mi ò rí.