Nígbà tí package Debian bá ń ṣe ségesège, ta la ó rò ó fún?

Debian, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan, kì í san owó oṣù fún àwọn tó ń tọ́jú package inú rẹ̀, ìyẹn ìdì ètò kọ̀ọ̀kan tí a ń fi sórí ẹ̀rọ. Láti 1993 tí Ian Murdock ti dá a sílẹ̀, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń gbé e ró, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń ka àwọn ìdáhùn yìí.

Ìbéèrè: Lórí Debian mi, àmì ohùn tó yẹ kó dúró lórí ẹ́ àti ọ́ ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà mìíràn, àpótí òfìfo ni mò ń rí. Package wo ni kí n fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Ìdáhùn: Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ohun tí ojú wa rí bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, ọwọ́ mẹ́ta mẹ́rin ló gbà kọjá kó tó hàn síta. Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ní àyè fún ẹ, U+1EB9 ni, ṣùgbọ́n kò ní àyè ọ̀tọ̀ fún ẹ́. Ṣe ni a ń fi àmì òkè, U+0301, tẹ̀ lé e. Inú fọ́ǹtì ni àwòrán lẹ́tà wà. Ètò kan tó ń jẹ́ HarfBuzz ló ń pinnu ibi tí àmì yóò jókòó sí. Nínú ọ̀pọ̀ ètò, Pango ló ń to ọ̀rọ̀ náà sórí ìlà. Lẹ́yìn náà ni ètò tí ẹ ṣí á wá gbé e síta. Èyíkéyìí nínú wọn ló lè jẹ̀bi.

Ẹ kọ "ẹlẹ́dẹ̀" sínú LibreOffice, kí ẹ sì tún wò ó nínú Firefox. Ẹ pa fọ́ǹtì dà, bóyá láti DejaVu Sans sí Noto Sans. Bí àléébù náà bá ń tẹ̀ lé fọ́ǹtì kan káàkiri, fọ́ǹtì yẹn ni kí ẹ mú. Bó bá jẹ́ inú ètò kan ṣoṣo ló wà, fọ́ǹtì yówù kí ẹ lò, ètò yẹn ni. Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ tẹ `fc-match` àti orúkọ fọ́ǹtì náà sínú terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ. Bí fọ́ǹtì tí ẹ yàn kò bá sí lórí ẹ̀rọ yín rárá, yóò dárúkọ èyí tí wọ́n fi dípò rẹ̀. Mo ti rí ẹjọ́ tó jẹ́ pé fọ́ǹtì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n ń bá wí.

Tí ẹ bá ti mọ fáìlì tí ọ̀rọ̀ kàn, dpkg, ètò tó ń bójú tó package, yóò sọ package tó ni ín:

`dpkg -S /usr/share/fonts/truetype/dejavu/DejaVuSans.ttf`

Ìdáhùn rẹ̀ ni `fonts-dejavu-core`. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà náà kì í jáde rárá nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ẹ kúrò lọ́rọ̀ fọ́ǹtì. Inú `/usr/share/X11/xkb/symbols/ng` ni àtẹ kíbọọ̀dù Yorùbá wà, `xkb-data` ló sì ni ín.

Bó bá ṣì rú yín lójú lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fi ránṣẹ́ sórí ètò tí ẹ ti rí àléébù náà. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè darí ẹjọ́ náà síbi tó tọ́. Orúkọ kan wà tí wọ́n ń pè ní "general", fún àléébù tí kì í ṣe ti package kan pàtó. Ẹ má sọ ọ́ di ààtàn tí a ń da gbogbo ohun tí kò yé wa sí.

Ìbéèrè: Ubuntu ni mo ń lò. Ṣebí Debian náà ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Inú Debian ni Ubuntu ti jáde ní 2004, ṣùgbọ́n wọ́n ń yí ọ̀pọ̀ package padà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ lo `ubuntu-bug`, Launchpad, ibi tí Ubuntu ti ń gba ẹjọ́, ni yóò gbé ẹjọ́ yín lọ. Ẹni tó ń lo Debian gan-an náà, kó kọ́kọ́ tẹ `apt policy` àti orúkọ package, kó wo orísun tí ẹ̀dà rẹ̀ ti wá. Bó bá jẹ́ ìkànnì mìíràn tí ẹ fọwọ́ ara yín fi kún un ni, àwọn onílé ibẹ̀ ni kí ẹ lọ bá.

Ìbéèrè: Mo ṣí reportbug, ètò tí a fi ń fẹjọ́ sùn ní Debian, ìbéèrè rẹ̀ pọ̀. Kí ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Ẹ má kánjú. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé kó kó àwọn ẹjọ́ tó ti wà lórí package náà síwájú yín. Ẹ kà wọ́n. Bí tiyín bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ kún èyí tó wà, ẹ má ṣí tuntun.

Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí ojú ewé kan fún yín, tó ń béèrè ohun tó ṣáájú ìṣòro náà, ohun tí ẹ ṣe gan-an, ohun tó jáde níbẹ̀, àti ohun tí ẹ ń retí. Ẹ dáhùn bí wọ́n ṣe béèrè. "Yorùbá kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe ẹjọ́. Bí irú èyí ni kó rí, bó tilẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ lásán:

"Mo ṣí Writer, mo yan fọ́ǹtì yìí ní ìwọ̀n 12, mo lẹ ọ̀rọ̀ náà ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ọn. Àmì òkè tó wà lórí ẹ kejì bọ́ sórí d. Mo retí kó dúró lórí ẹ. Bí mo bá yan Noto Sans, kò sí wàhálà."

Ẹni tó bá ka èyí á lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá lè rí i fúnra rẹ̀, ó ṣòro kó tó lè tún un ṣe.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kúkúrú ti tó, kò sẹ́ni tó ń fún yín ní máàkì. Ẹ da ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí ẹ̀rọ sọ kọ gẹ́lẹ́, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè wá ọ̀rọ̀ inú fọ́tò kàn.

Reportbug máa ń fi ẹ̀dà package, ẹ̀dà kernel àti àwọn package tó so mọ́ ọn sí ìsàlẹ̀. Ó sì lè fi fáìlì ètò yín kún un. Ẹ kà á kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ aṣínà kúrò. Gbogbo ayé ló lè ka ohun tó bá wọ bugs.debian.org, ibi tí Debian ń kó ẹjọ́ sí, àti àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì yín pẹ̀lú. Bí fífi ránṣẹ́ bá kọ̀, `reportbug --template` àti orúkọ package yóò gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ímeèlì, kí ẹ fi sí submit@bugs.debian.org.

Ìbéèrè: Ó ní kí n yan bó ṣe le tó. Ṣé kí n mú grave kí wọ́n lè tètè dá mi lóhùn?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Critical, grave àti serious lè dá ìtẹ̀jáde Debian tuntun dúró, wọ́n sì lè yọ package kúrò nínú testing, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣètò ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, nítorí wọn. Ohun tó ń pa fáìlì èèyàn run ló yẹ irú rẹ̀. Àmì ohùn tó yẹ̀ ń dun àwa tó ń kọ Yorùbá, mo mọ̀, síbẹ̀ normal ni. Ohun tuntun tí ẹ kàn ń fẹ́, wishlist ni. Wọn á kàn sọ grave yín kalẹ̀ náà ni, ẹ ó sì ti bí ẹni tí ẹ ń wá ojúure rẹ̀ nínú.

Ìbéèrè: Àléébù tó lè jẹ́ kí olè wọlé ńkọ́?

Ìdáhùn: Bí kò bá tíì hàn sáyé, ẹ má gbé e sí gbangba. Team@security.debian.org ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Ìbéèrè: Mo ti gba nọ́ńbà ẹjọ́ mi, oṣù ń gorí oṣù, kò sẹ́ni tó fèsì.

Ìdáhùn: Ẹ lọ ka ojú ewé nọ́ńbà yín ná. Ìwé tí a bá kọ sí nọ́ńbà@bugs.debian.org nìkan lè má dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹjọ́ sùn, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín tí ẹ kò rí i. Àmì "moreinfo" túmọ̀ sí pé ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè. "Upstream" ní tirẹ̀ ń sọ pé ọwọ́ àwọn tó kọ́kọ́ kọ ètò náà ni àtúnṣe wà.

Bí ibẹ̀ bá dákẹ́ lóòótọ́, ẹ dán ẹ̀dà inú unstable, ẹ̀ka tí iṣẹ́ tuntun ti ń lọ lọ́wọ́, wò, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí síbẹ̀. Ẹ wo tracker.debian.org bóyá package náà ti di ọmọ òrukàn. Bí kò bá lẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ́, kò sí bí ẹ ṣe lè pariwo tó tí ẹnì kan yóò fi dáhùn.

Ìbéèrè: Wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe, síbẹ̀ ó wà lórí ẹ̀rọ mi.

Ìdáhùn: Unstable ni àtúnṣe sábà máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Àwọn tó ń lo stable, ìyẹn ìtẹ̀jáde tó ti jáde fún gbogbo ènìyàn, kì í rí ju èyí tó le gan-an lọ, ìyókù di ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú ẹ̀dà tí wọ́n ní àwọn ti tún ṣe náà ni ẹ ti rí i, ẹ kọ̀wé sí control@bugs.debian.org pẹ̀lú ìlà kan: `found`, nọ́ńbà ẹjọ́, ẹ̀dà. Yóò tún ṣí. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí lẹ́yìn ọjọ́ 28 tí wọ́n bá ti pa ẹjọ́ dé tí kò sí ọ̀rọ̀ tuntun, wọ́n á gbé e sí àkójọ àtijọ́, ẹ ó sì ní láti kọ́kọ́ fi `unarchive` yọ ọ́.