Iná sólà nínú ọkọ̀ ojú omi, bọ́ọ̀sì àti ahéré: ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó ra bátìrì mìíràn

Bátìrì ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń fẹ̀sùn kàn bí iná sólà bá ń ṣe ségesège. Níbi tí òpó iná kò dé, wáyà, ìsopọ̀ àti ìṣirò ló sábà jẹ̀bi. Sólà onífólítì 12 ni mo ń sọ nínú àwọn èsì yìí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú bọ́ọ̀sì ni mò ń gbé. Fìríìjì mi máa ń kú láàárín òru, bẹ́ẹ̀ kọ̀ntírólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páńẹ́lì sínú bátìrì, ń sọ fún mi nírọ̀lẹ́ pé bátìrì ti kún. Oníṣẹ́ iná tó wò ó ní kí n lọ ra bátìrì tuntun. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ fi owó yín sápò ná. Ẹ wá mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, ẹ jẹ́ kí fìríìjì máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ fi ẹnu mítà méjèèjì kan irin orí bátìrì gan-an. Ẹ kọ iye fólítì tẹ́ ẹ rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wọ̀n ọ́n níbi tí wáyà ti wọ fìríìjì. Tí orí bátìrì bá jẹ́ 12.5, tí ẹnu fìríìjì sì jẹ́ 11.4, fólítì kan ó lé díẹ̀ ti sọnù sójú ọ̀nà, bátìrì tuntun kò sì ní dá a padà. Irú fìríìjì yìí ní ààlà tó ti máa ń pa ara rẹ̀ kí bátìrì má bàa gbẹ. Fólítì ẹnu ara rẹ̀ ló ń wò, kò mọ ti orí bátìrì. Ìgbà tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá fẹ́ ṣí ló sì ń fa iná jù, ibẹ̀ ló ti ń kú.

Ẹ wá ibi tó ti ń sọnù. Ẹ fi ẹnu mítà kan síbi tí wáyà ti wọ fíúsì, kẹ́ ẹ fi ìkejì síbi tó ti jáde, kí fìríìjì ṣì máa ṣiṣẹ́. Bí ibẹ̀ bá dára, ohun tẹ́ ẹ máa rí kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju òdo lọ. Bó bá jẹ́ 0.3 tàbí 0.4, ẹ ti rí olè. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìsopọ̀, títí kan ti wáyà nẹ́gátíìfù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yẹ̀ wò rárá. Ìsopọ̀ tó bá ń gbóná kò dì dáadáa.

Bí gbogbo ìsopọ̀ bá dára, a jẹ́ pé wáyà ló tín-ínrín jù. Wáyà 1.5 mm² tó rin mítà 5 lọ, mítà 5 bọ̀, máa jẹ nǹkan bí fólítì 0.6 tí áńpù 5 bá ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ fi 6 mm² rọ́pò rẹ̀, ohun tó máa jẹ kò ní ju 0.15 lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ “bátìrì ti kún” yẹn. Fólítì tí kọ̀ntírólà ń fi hàn nígbà tí oòrùn ṣì wà, ti iná tó ń wọlé ni. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ jẹ́ kí bátìrì sinmi fún wákàtí mélòó kan, kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bátìrì oníòjé tó kún máa wà ní nǹkan bí 12.7; bó bá ti di 12.2, ó ku ìdajì, ibẹ̀ ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti dúró bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ti lítíọ́mù LiFePO4 yàtọ̀: fólítì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà títí tó fi fẹ́ tán, nítorí náà, ẹ lo ẹ̀rọ tó ń ka áńpù tó wọlé àti èyí tó jáde. Fólítì á kàn tàn yín ni.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, wáàtì 300 ni wọ́n kọ sára páńẹ́lì mi. Oòrùn mú ganrínganrín, síbẹ̀ n kì í rí ju 120 lọ. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ara kọ̀ntírólà. Bó bá jẹ́ PWM, ìyẹn irú kọ̀ntírólà tí kò wọ́n, ọ̀rọ̀ ti yé mi. Páńẹ́lì ńlá irú èyí sábà máa ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí fólítì 32 àti áńpù 9.5. PWM kò lè sọ fólítì tó lé di áńpù, ńṣe ló ń fa páńẹ́lì wálẹ̀ sí fólítì bátìrì. Áńpù 9.5 lọ́nà fólítì 13, wáàtì 124 nìyẹn. MPPT lẹ nílò, ìyẹn kọ̀ntírólà tó lè sọ fólítì tó lé di áńpù.

Kódà pẹ̀lú MPPT, ẹ má retí 300. Nígbà tí ara páńẹ́lì wà ní 25°C ni wọ́n wọn iye yẹn, bẹ́ẹ̀ èyí tó sùn gbalaja sórí òrùlé bọ́ọ̀sì, tí afẹ́fẹ́ kò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, lè dé 60°C lọ́sàn-án gangan, ooru sì máa ń dín iná tó ń mú wá kù.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ onígbòkun ni tèmi. Páńẹ́lì méjì, wáàtì 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo so lẹ́sẹẹsẹ. Bí òjìji òpó ìgbòkun bá ti kan ọ̀kan, iná á wálẹ̀ wìì.

Ìdáhùn: Bẹ́ ẹ ṣe so ó ló fà á. Nínú ìsopọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí pọ́sítíìfù ọ̀kan so mọ́ nẹ́gátíìfù ìkejì, áńpù kan náà ló ní láti gba inú àwọn méjèèjì kọjá, nítorí náà èyí tí òjìji bò ló ń pinnu fún ìkejì, àfi bí iná bá yà bàrá gba ojú dáyódù, ọ̀nà àbùjá tó wà lára páńẹ́lì. Ẹ so pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gátíìfù mọ́ nẹ́gátíìfù. Páńẹ́lì 100 máa ń mú nǹkan bí fólítì 18 wá, ìyẹn sì tó fún bátìrì yín. Ẹni tó bá ní lẹ́sẹẹsẹ ló dáa torí pé wáyà á lè tín-ínrín kò parọ́, orí òrùlé tí òjìji kò dé ni ìmọ̀ràn rẹ̀ bá mu. Lójú tèmi, kọ̀ntírólà kékeré kan fún páńẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló dáa jù lórí ọkọ̀ onígbòkun. Ẹ sì ra wáyà tí wọ́n fi tánganran bo bàbà inú rẹ̀, torí iyọ̀ òkun.

Ìbéèrè: Orí òkè tí yìnyín ti ń bọ́ ni ahéré wa wà. Láàárọ̀, oòrùn á yọ, gílóòbù ń tàn, síbẹ̀ iná kankan kì í wọ bátìrì lítíọ́mù.

Ìdáhùn: Ó ń gba ara rẹ̀ là ni. A kì í rọ iná sínú LiFePO4 tí ara rẹ̀ bá ti lọ sísàlẹ̀ 0°C, nítorí lítíọ́mù á máa dì mọ́ inú rẹ̀ bí irin, kò sì ní padà bọ̀ sípò. BMS, ẹ̀rọ inú bátìrì tó ń dáàbò bò ó, ló ń ti ilẹ̀kùn ìwọlé. Ó ṣì fàyè gba ìjáde, ìdí nìyẹn tí gílóòbù fi ń tàn. Ẹ gbé bátìrì wọnú ibi tí ẹ ń sùn, tàbí kẹ́ ẹ ra èyí tó ní ohun tó ń mú un móoru.

Ẹ tún ṣọ́ra fún nǹkan kan. Òtútù máa ń gbé fólítì páńẹ́lì sókè, nǹkan bí 0.3% fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Páńẹ́lì mẹ́rin onífólítì 22.5 tẹ́ ẹ so lẹ́sẹẹsẹ jẹ́ 90 ní 25°C, àmọ́ ní -15°C, wọ́n á kọjá 100. Kọ̀ntírólà tí ààlà rẹ̀ jẹ́ fólítì 100 lè jóná láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́ rekete.

Ìbéèrè: Ínfátà mi jẹ́ wáàtì 2000, ìkẹ́tù tí mo fi ń se omi jẹ́ 1500. Kí ló dé tó fi ń ké tó sì ń kú?

Ìdáhùn: Wáàtì 1500 ní fólítì 12 jẹ́ áńpù 125, bẹ́ ẹ bá fi èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kún un, ó sún mọ́ 140. BMS ọ̀pọ̀ bátìrì lítíọ́mù tó gba 100 Ah (áńpù lọ́nà wákàtí) kì í gbà ju áńpù 100 lọ. Ẹ lè lo bátìrì méjì pẹ̀lú wáyà 50 mm² tó kúrú, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, gáàsì lẹ bá fi se omi.

Ìbéèrè: Èwo ni kí n kọ́kọ́ so mọ́ kọ̀ntírólà?

Ìdáhùn: Bátìrì, kó lè mọ̀ bóyá 12 ni tàbí 24. Páńẹ́lì ló máa gbẹ̀yìn, òun náà sì lẹ máa kọ́kọ́ yọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u. Ẹ fi fíúsì sí wáyà pọ́sítíìfù, nítòsí bátìrì bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, nítorí wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní ohunkóhun tó ń dáàbò bò ó.