Bí a ṣe ń mú ìkànnì tẹlifíṣọ̀n wọ inú Jellyfin, tí a ó sì máa gba ètò sílẹ̀

Tí fóònù mi bá dún ní alẹ́ Sátidé, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìkànnì ti wọlé, àwòrán mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ìròyìn ni mo ní kó gbà sílẹ̀, ètò oúnjẹ sísè ni mo bá níbẹ̀." Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn. Wọ́n á sáré kọjá ibi tó le, wọ́n á wá fi ọjọ́ mẹ́ta jìjàkadì pẹ̀lú ibi tí kò le. Nítorí náà, n kò ní pẹ́ lórí bí ẹ ó ṣe gbé Jellyfin, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tí a fi ń wo fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n láti orí kọ̀ǹpútà ilé, sórí kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá ti ń ṣí i ní port 8096, tí ẹ sì ti ń wo fíìmù yín lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ.

Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, Freeview, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ tí áńténà ilé ń gbà, la sì ń lò níbí, torí náà ohun tí mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ni mo máa sọ. Ẹ má gbàgbé pé nílẹ̀ yìí, ẹni tó bá ń wo ètò bó ṣe ń lọ lọ́wọ́ tàbí tó ń gbà á sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní TV Licence, ìwé àṣẹ tí a ń sanwó fún, kódà bó jẹ́ orí fóònù ló ti ń wò ó. Pé ẹ gbà á sílẹ̀ lónìí, ọ̀la lẹ fẹ́ wò ó, kò yọ yín nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó rà

Áńténà, tuner àti díìsìkì. Tuner ló ń gba ohun tí áńténà mú wá, tó ń sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà. Ẹni tápò rẹ̀ bá gbé e, kó ra HDHomeRun, àpótí tuner tí a ń so mọ́ nẹ́tíwọ́kì ilé, èyí tó ní tuner mẹ́rin nínú. Ẹ ó ki wáyà áńténà bọ̀ ọ́, ẹ ó fi wáyà so ó mọ́ ráútà, ó parí. Ẹni tí ò fẹ́ náwó púpọ̀, TV HAT tí wọ́n ṣe ní 2018 fún Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, wà níbẹ̀. Pátákó kékeré ni, tuner kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n ó ń gba DVB-T àti DVB-T2, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà gbé tẹlifíṣọ̀n jáde, dáadáa. T2 yẹn ṣe pàtàkì, torí orí rẹ̀ ni àwọn ìkànnì HD Freeview wà. Mo ti ra tuner USB kan rí tí wọ́n kọ T2 gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Nígbà tí mo fi í sínú kọ̀ǹpútà, T lásán ló jẹ́. Láti ọjọ́ náà, n kì í ra tuner tí kò lórúkọ.

Ní ti áńténà, ẹ má sáré ra ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára signal. Àwa tá a wà ní Peckham, òpó Crystal Palace fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí wa. Ẹnì kan pè mí pé àwòrán ń já, ó ń fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì ti ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méjì, ó so wọ́n léra wọn. Mo yọ méjèèjì, àwòrán dúró. Signal tó bá pọ̀ jù a máa da tuner láàmú bí èyí tí kò tó. Áńténà kékeré lẹ́bàá fèrèsé, tí ẹ gbé dùbúlẹ̀, tí ẹ kò gbé nà ró, ẹ kọ́kọ́ dán ìyẹn wò.

Pi lè máa bójú tó tuner, ṣùgbọ́n ẹ má gbé Jellyfin fúnra rẹ̀ lé e lórí. Ìkànnì Freeview tí kì í ṣe HD, MPEG-2, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà di fídíò, ni wọ́n fi ń gbé e jáde, browser kò sì mọ̀ ọ́n kà, àfi kí Jellyfin tún un dì sí irú mìíràn lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, Pi 5 kò sì ní ẹ̀yà ara kankan tí wọ́n dìídì ṣe fún dídi fídíò. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àlòkù tó ní Intel tó mọ Quick Sync, ìyẹn ẹ̀yà ara tó ń di fídíò, tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó, á ṣe é láìmí gúlegúle.

Tvheadend ló ń ṣíwájú

Jellyfin lè bá HDHomeRun sọ̀rọ̀ tààrà. Mo mọ̀. Síbẹ̀, gbogbo ilé tí mo bá ti ṣe iṣẹ́ yìí, Tvheadend, ètò tó ń darí tuner tó sì ń pín ìkànnì fún ètò mìíràn, ni mo máa ń fi sáàárín, yálà TV HAT ni wọ́n ní tàbí HDHomeRun. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Tí tuner bá jẹ́ TV HAT tàbí USB, ẹ tẹ `ls /dev/dvb` kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Tí ẹ bá rí `adapter0`, kò séwu. Tí kò bá sí, ó lè jẹ́ firmware, ìyẹn fáìlì tí tuner fi ń ṣiṣẹ́, ló kù; tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, `dmesg` á sọ orúkọ fáìlì tó ń wá fún yín. Ẹ fi Tvheadend sórí ẹ̀rọ náà, ẹ rí i pé aṣàmúlò `hts` wà nínú ẹgbẹ́ `video`, kí ẹ ṣí port 9981. Ẹ mú òpó tó wà lágbègbè yín nínú àkójọ tó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wá ìkànnì. Tó bá ṣe tán, ẹ sọ àwọn tí ẹ máa ń wò di "channel". Ẹ kò nílò gbogbo wọn. Nínú ilé tèmi, méjìdínlógún ni mo fi sílẹ̀. Àwọn tó ń ta wúrà àti ìkòkò láti àárọ̀ dalẹ́, mo lé gbogbo wọn jáde.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣubú: àtẹ ètò

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ohun méjì ni Jellyfin ń bèèrè. Èkíní ni àkójọ ìkànnì, ìyẹn M3U. Èkejì ni àtẹ ètò, ìyẹn XMLTV, tó ń sọ ohun tó wà lórí ìkànnì kọ̀ọ̀kan àti àkókò rẹ̀. Bí Jellyfin ṣe ń mọ̀ pé ìlà yìí nínú àtẹ jẹ́ ti ìkànnì yìí ni pé kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn tàbí orúkọ wọn bára mu. Kì í wo àwòrán. Kò mọ BBC yàtọ̀ sí ITV. Tí ẹ bá gbé àtẹ tí kì í ṣe tirẹ̀ lé ìkànnì lórí, á gbà á, á sì fi ìgboyà gba ètò tí ẹ kò fẹ́ sílẹ̀ fún yín lóṣooṣù.

Ohun tí mo sì máa ń bá nílé àwọn ènìyàn nìyí: wọ́n mú àkójọ ìkànnì láti ara HDHomeRun, wọ́n lọ wá àtẹ ètò láti ibòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbì kan wọ́n pè é ní "BBC ONE Lon", níbì kejì "BBC One London", níbì kẹta orúkọ agbègbè mìíràn ni wọ́n gbé wá. Wọ́n á wá jókòó máa so wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọgọ́rin ìkànnì, lójú tó ti rẹ̀. Tó bá di èkejìlélógójì, ọwọ́ á yẹ̀.

Ti aago tún wà ńbẹ̀. Nínú fáìlì XMLTV, lẹ́yìn àkókò ètò, ó yẹ kí wọ́n kọ `+0000` tàbí `+0100`. Tí wọn kò bá kọ ọ́, UTC, ìyẹn aago àgbáyé tí kì í yí, la ó kà á sí. Láàárín òtútù, ẹ kò ní rí àléébù kankan, torí ọ̀kan náà ni òun àti aago wa nígbà yẹn. Tó bá di Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta, tí wọ́n sún aago síwájú, gbogbo ètò yín á fi wákàtí kan yẹ̀, ẹ ó sì máa bú Jellyfin tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń fi Tvheadend sáàárín nìyẹn. Àkójọ àti àtẹ, ibì kan náà ni wọ́n ti ń jáde, nọ́ńbà kan náà ló wà lára méjèèjì, Jellyfin á so wọ́n pọ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan. Àtẹ náà kì í wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Inú afẹ́fẹ́ kan náà tí àwòrán ń gbà wá ló wà, ó sì ń tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ síwájú. Nínú ètò àtẹ Tvheadend, ẹ tan "UK: Freeview" àti EIT, àwọn tó ń kó àtẹ inú afẹ́fẹ́ yẹn jọ, ẹ pa ìyókù.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ lọ jẹun. Ó ń gba àkókò kó tó kó àtẹ jọ, pàápàá tó bá jẹ́ tuner kan. Tí ẹ bá padà dé, ẹ wo ojú ìwé "Electronic Program Guide" nínú Tvheadend. Tó bá ṣófo níbẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan Jellyfin, nítorí ohun tí kò sí lódò, kèrègbè kò lè pọn ọ́n wá. Ìdajì àwọn tó ń pè mí kò wo ojú ìwé yìí rí.

Ó ti wà níbẹ̀? Ó dáa. Àdírẹ́sì méjì tí ẹ ó lò nìyí, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀rọ tiyín rọ́pò tèmi:

`http://192.168.1.20:9981/playlist/channels.m3u?profile=pass`
`http://192.168.1.20:9981/xmltv/channels`

Ẹ má kọ `localhost`, tó túmọ̀ sí "ẹ̀rọ yìí gan-an", síbẹ̀. Tí Jellyfin bá wà nínú Docker, tó ń ya ètò kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ sínú àpò tirẹ̀, ara rẹ̀ ni `localhost` tirẹ̀, á máa wá Tvheadend nínú àpò ara rẹ̀. Ẹ sì sọ fún ráútà kó má yí nọ́ńbà ẹ̀rọ yẹn padà, kí iná má lọ bọ̀ kí gbogbo ìkànnì wá pòórá.

Tó bá ń bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, tó sì ń kọ̀ ọ́, ọ̀nà tèmi ni pé mo máa ń ṣí aṣàmúlò kan nínú "Access Entries" tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ `*`, mo fún un ní àṣẹ láti wo ìkànnì nìkan, mo sì dè é mọ́ nẹ́tíwọ́kì inú ilé, `192.168.1.0/24`. Ẹ má gbàgbé ìdè yẹn o.

Nínú Jellyfin, ẹ lọ sí "Dashboard", kí ẹ wọ "Live TV". Ẹ fi M3U Tuner kún un, ẹ lẹ àdírẹ́sì àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Ẹ fi XMLTV kún un, ẹ lẹ èkejì. Ẹ tẹ "Refresh Guide Data". Lẹ́yìn náà, ẹ dúró di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ ṣí BBC One. Tí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀ lójú yín, tí àtẹ náà sì ní ìròyìn ni, aago yín tọ̀nà. Ẹ tún yẹ ìkànnì méjì mìíràn wò. Mi ò gba iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ara mi láìṣe èyí.

Ẹ ka tuner yín

Níbi tí ẹ ti fi M3U sí, àyè kan wà tó ń bèèrè iye ìkànnì tí Jellyfin lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Òdo túmọ̀ sí pé kò sí òpin. Gbogbo ènìyàn ń fi òdo sílẹ̀. Ẹ kọ iye tuner tí ẹ ní.

Èmi náà fi òdo sílẹ̀ nígbà kan, pẹ̀lú TV HAT onítuner kan. Màmá ìyàwó mi wá kí wa láti Ìbàdàn, wọ́n ń wo ITV1 lórí tábúlẹ́ẹ̀tì wọn ní yàrá. Mo ti ní kí Jellyfin gba eré aago mẹ́sàn-án BBC One sílẹ̀. Aago mẹ́sàn-án lù, tuner wà lọ́wọ́ Màmá, eré mi kò wọlé. Ohun tó fà á ni pé orí ìgbì kan ni ìkànnì púpọ̀ jọ ń gun. Ní Crystal Palace, láàárín àwọn tí kì í ṣe HD, BBC One àti BBC Two wà lórí 490 MHz, ITV1 àti Channel 4 wà lórí 514. Tuner kan lè fún yín ní BBC méjèèjì pọ̀. Kò lè dúró lórí 490 kó tún dúró lórí 514. Jellyfin ò mọ èyí, ó kàn ń ka iye ni.

Gbígbà sílẹ̀

Ẹ ṣí fódà kan fún un lórí díìsìkì gidi, kì í ṣe orí káàdì SD tó wà nínú Pi. Ètò HD tó bá ń lọ ní megabit mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá á gba GB 2.7 ní wákàtí kan, torí náà díìsìkì 500 GB á gba nǹkan bíi wákàtí 185. Kí fódà náà sì jẹ́ ti aṣàmúlò `jellyfin`, nípa `sudo chown -R jellyfin:jellyfin` àti orúkọ fódà. Tí ẹ bá gbàgbé èyí, àmì pupa á máa tàn pé ó ń gbà á, kò sì ní sí nǹkan kan nínú fódà lọ́jọ́ kejì.

Ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì ṣáájú, kó sì fi mẹ́wàá kún un lẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, márùndínláàádọ́ta. Mo ti gba eré kọ́ọ̀pù kan sílẹ̀ rí tó dá dúró gan-an nígbà tí agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún pẹnáńtì.

Ní ti Comskip tí wọ́n ní ó ń gé ìpolówó kúrò, mo lò ó fún oṣù kan. Ó gé ìpolówó lóòótọ́, ó tún gé ibi tí wọ́n ti mú apànìyàn. Èmi ń tẹ bọ́tìnì ìsíwájú báyìí.

Àwọn kan á tún sọ pé kí ni gbogbo wàhálà yìí, pé ẹnì kan ń ta M3U lórí WhatsApp tó ní ìkànnì ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Olè ni púpọ̀ nínú wọn, ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá sì gbóná gan-an ni wọ́n máa ń kú. Ẹ má pè mí tó bá kú.

Tí Freeview bá kéde pé àwọn ìkànnì ń yí ipò padà, Tvheadend ni kí ẹ ní kó tún wá ìkànnì, kì í ṣe Jellyfin. Ẹ so àwọn tuntun mọ́ "channel", ẹ pa èyí tó ti kú, ẹ tẹ "Refresh Guide Data", kí ẹ sì dúró de aago mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan sí i.