Bí A Ṣe Ń Kó Gọ́tà Òrùlé Kí Òjò Àkọ́rọ̀ Tó Dé

Ìparí oṣù kẹta ni èmi máa ń gorí òrùlé wa ní Kubwa, l'Ábújá. Láti oṣù kọkànlá ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa lápá òkè níbí. Ewé dongoyáró á rẹ̀ lé e lórí, aláǹgbá á ṣu sí i, gbogbo rẹ̀ á sì gbẹ pọ̀ nínú gọ́tà. Bó ṣe gbẹ yẹn ló dáa láti kó. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, amọ̀ tó tó fi mọ ìkòkò ló máa kó.

Ẹ wá àkàbà, garawa, okùn, ìbọ̀wọ́, ìbomú àti ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Ẹ fi ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé Àbújá ló ní párápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri kúkúrú tó yí òrùlé ká, tí gọ́tà wọn jẹ́ kọnkéré tí wọ́n tẹ́ fẹ́lìtì dúdú tí kì í jẹ́ kí omi jò sí nínú. Bí ẹnu ṣọ́bìrì bá ya fẹ́lìtì yẹn níbì kan péré, àjà POP pálọ̀ máa sọ fún yín: àbàwọ́n bíi tíì tó dà sára aṣọ funfun, tó ń fẹ̀ sí i lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 4 ni mo máa ń lò. Mo máa ń fi ọ̀bẹ gé ìdí rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì náà á di ibi ìdìmú. Ó ń tẹ̀ bí gọ́tà bá ṣe tẹ̀, kì í sì í ya nǹkan kan. Mo mọ ẹni tó lọ ra irinṣẹ́ olówó gọbọi nítorí iṣẹ́ yìí. Kẹ́ẹ̀gì ló padà wá yá lọ́wọ́ mi.

Ẹ má fi àkàbà ti gọ́tà oníke, á fọ́. Ara ògiri ni kí ẹ fi í tì. Tí ibi tó ga dé bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹnì kan sì dì í mú. Tí wáyà iná láti ara òpó bá wọlé nítòsí ibẹ̀, àkàbà onígi ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti alumíníọ́ọ̀mù. Ẹ wo abẹ́ òrùlé dáadáa kí ẹ tó gùn ún. Kò sí ẹni tó ń bá agbọ́n jà lórí àkàbà.

Kí ẹ tó kó ohunkóhun, ẹ fi àkísà dí ẹnu páìpù tó ń gbé omi gọ́tà sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ so okùn pupa mọ́ ọn, kí ẹ má baà gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, ẹ gbá a, ẹ fi okùn sọ garawa kalẹ̀.

Páìpù gan-an niṣẹ́ wà. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn èèyàn tó ń fọwọ́ ara wọn ba ilé jẹ́. Wọn á wá ọ̀pá irin, wọn á máa kì í bọ páìpù látòkè bí ẹni tó ń gúnyán. Ìdọ̀tí ò ní jáde. Ńṣe ló máa lọ kì sí ibi tí páìpù ti yí, tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní elbow, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdún kan, ọmọkùnrin kan tí mo gbé iṣẹ́ yìí fún fi irin lu elbow já nínú ògiri. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àfìgbà tí òjò rọ̀, tí ògiri yàrá àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, tí ọ̀dà ara rẹ̀ wú bí àkàrà. A fọ́ ògiri yẹn kí a tó rí ihò kan tí kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ.

Nítorí náà, ẹ yọ àkísà olókùn pupa kúrò lókè, kí ẹ wá ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi oríkèé ìka kan páìpù náà bí ẹ ṣe ń gòkè. Ibi tó ṣófo á dún bí agbè, ibi tó dí ò ní dún bẹ́ẹ̀. Tí wọn ò bá fi gọ́ọ̀mù lẹ elbow ìsàlẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹ wá ti rọ́bà omi bọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ ṣí omi, kí ẹ sì kúrò níwájú rẹ̀, torí ohun tó máa tú jáde ò dára lójú aṣọ. Tí ẹ ò bá ní omi ẹ̀rọ, ẹ yá fishing tape, ìyẹn ọ̀já gígùn tó ń tẹ̀ tí wọ́n fi ń fa wáyà gba inú páìpù, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe wáyà ilé. Ẹ fi àkísà wé orí rẹ̀, ẹ so ó le dáadáa, kí ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa yí i, kí ẹ sì máa fà á jáde. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ da ìdajì garawa omi sí i látòkè, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi gbígbóná ńkọ́? Rárá o. Ó ń mú kí páìpù oníke rọ̀, kó sì tẹ̀.

Ẹ ra omi lọ́wọ́ mairuwa, ẹni tó ń ta omi kiri, ẹ da garawa kan sí ìpẹ̀kun gọ́tà tó jìnnà sí páìpù. Tí omi bá dá dúró síbì kan nínú gọ́tà oníke, ó ti wọ́ níbẹ̀. Ẹ gbé ìkọ́ tó gbé e ró sókè díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tanwíji á kún ibẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Tí ẹ bá fẹ́ bo ẹnu páìpù kí ewé má baà wọ̀ ọ́, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé kéré lójú jù, eruku á dí i. Wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ ni kí ẹ ká bí ife, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé e.

Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń da ìdọ̀tí náà sí. Ẹ má dà á sí gọ́tà àdúgbò, ibẹ̀ ni omi òrùlé yín náà máa gbà kọjá.