Ẹ̀yìn Ògiri Ni Mo Kọ́kọ́ Lọ: Bí Mo Ṣe Tún Ìsédò Oko Kan Ṣe Kí Àwọn Èèyàn Tó Wẹ̀ Níbẹ̀

Ìsédò oníyẹ̀pẹ̀ ni, ní oko kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Ògiri rẹ̀ ga tó mítà 4 níbi tó ga jù, ó gùn tó mítà 60. Omi ìbomirin oko àti ẹja ni wọ́n fi ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, àwọn tó ni ín fẹ́ kí mọ̀lẹ́bí àti àlejò máa wá wẹ̀, kí wọ́n máa fi ìwọ̀ pẹja, kí wọ́n sì máa wa ọkọ̀ àjẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni kí n wò ó bóyá ó ṣeé ṣe, kí n sì tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ojú omi ni gbogbo ẹni tó bá dé etí adágún máa ń wò. Èmi gba ẹ̀yìn lọ, ní ìhà gbígbẹ, torí ibẹ̀ ni ohun tó lè wó ògiri lé àwọn ará ìsàlẹ̀ odò lórí ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìparí oṣù kẹwàá ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí omi ṣì kún dáadáa, torí ojú tó ń jò kì í fara hàn bí adágún bá ti fà. Àtúnṣe di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Mo rin ìdí ògiri láti ìkángun kan dé èkejì, pẹ̀lú ìgò funfun lọ́wọ́. Koríko tó tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń gbẹ, ilẹ̀ tó ń rì lábẹ́ bàtà: ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde. Kò sí ògiri yẹ̀pẹ̀ tí kì í jò díẹ̀. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni bóyá omi nìkan ló ń jáde, àbí ó ń kó yẹ̀pẹ̀ dání. Mo gbe omi náà sínú ìgò, mo gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ó bá mọ́ gaara tí kò sí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ nísàlẹ̀, ṣíṣọ́ ló kù: ká wo iye ìṣẹ́jú tó fi kún ìgò lítà 1, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká tún wọ̀n ọ́n nígbà mìíràn tí adágún bá kún dé ibi kan náà. Bí ó bá dàrú, tàbí bí òkìtì iyanrìn kékeré bá ń wú yí ojú náà ká, omi ti ń lu ihò nínú ògiri nìyẹn. Láti ẹ̀yìn ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá síwájú, bí ihò náà bá sì kan adágún, ó lè má ju wákàtí díẹ̀ lọ kí ògiri tó lọ.

Ojú méjì ló ń jò níbí. Ọ̀kan mọ́. Èkejì, nítòsí páìpù tó gba abẹ́ ògiri kọjá, ń kó yẹ̀pẹ̀ dání.

Ohun tí ọ̀pọ̀ bíríkìlà máa kọ́kọ́ sọ ni pé ká fi sìmẹ́ǹtì dí i. Ẹ má gbà. Omi tí ẹ bá sé mọ́ inú ògiri láti ẹ̀yìn kò ní padà sínú adágún. Á máa ru sókè nínú yẹ̀pẹ̀, á sọ ọ́ di rírọ̀, á wá ojú mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́. Níwájú, ní ìhà omi, la ti ń dí i. Lẹ́yìn, ṣe là ń jẹ́ kí omi jáde, ká dá yẹ̀pẹ̀ dúró. Mo ro koríko ojú náà kúrò, mo da iyanrìn tó mú lọ́wọ́, tí kò ní amọ̀ nínú, sórí rẹ̀ ní ìnípọn sẹ̀ǹtímítà 20. Lórí iyanrìn, mo da òkúta wẹ́wẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń da kọnkéré, sẹ̀ǹtímítà 20 mìíràn, mo wá fi òkúta ńlá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Mo jẹ́ kó tẹ́ kọjá ibi tó tutù ní mítà 1 yíká. Bí ẹ bá fo iyanrìn tí ẹ da òkúta sí i tààrà, àárín òkúta ni yẹ̀pẹ̀ á máa gbà lọ.

Kí n tó fọwọ́ kan èyí, mo ti ń fa omi adágún wálẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni: kò ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ lójúmọ́. Ògiri tó ti mumi yó gbára lé omi tó dúró níwájú rẹ̀. Bí omi náà bá lọ lójijì, odindi ìhà iwájú lè ya wọ inú adágún. Nígbà tí omi lọ sílẹ̀ tán, mo gbẹ́ yí ẹnu páìpù ká níwájú, mo fi amọ̀ gún un padà.

Gbáàgúdá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ ni wọ́n gbìn sára ògiri. Gbáàgúdá ń ba ògiri jẹ́ gan-an, torí ọdọọdún ni wọ́n ń fà á tu, tí yẹ̀pẹ̀ sì ń tú pẹ̀lú rẹ̀. Igi ńlá, a kì í gé e ká fi kùkùté sílẹ̀. Gbòǹgbò á jẹrà, ihò tó bá fi sílẹ̀ á di ọ̀nà omi. Nígbà tí omi wà nísàlẹ̀ ni mo ní kí wọ́n hú wọn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ihò òkété àti ti akàn náà, dídí ẹnu wọn kò wúlò. A gbẹ́ wọn tẹ̀lé títí dé ibi tí wọ́n parí sí, ká tó gún amọ̀ sí i láti ìsàlẹ̀ wá.

Amọ̀ kò wọ́n níhà ibí yìí. Láti Ọ̀rù àti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìjẹ̀bú-Igbó, àpáta tó ti rà ló wà lábẹ́ ilẹ̀, òun ló ń di amọ̀ pupa. Ẹni tó wà ní gúúsù Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí iyanrìn ti pọ̀, ní láti wá amọ̀ lọ síbòmíràn. Mo po díẹ̀ mọ́ omi, mo fi àtẹ́lẹwọ́ yí i bí okùn. Èyí tó bá tín-ín-rín dé mílímítà 3 kó tó já ló dára. Nígbà tí a bá fẹ́ gún un, ká fún un lọ́wọ́: tó bá dì, tí a sọ ọ́ sílẹ̀ tó fọ́ sí méjì tàbí mẹ́ta, omi rẹ̀ tó. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀ sí i.

Rọ́bà tí bíríkìlà fi ń wọn ìpele ni mo fi wọn orí ògiri. Ibi tí ọ̀kadà ń gbà kọjá ti rì tó sẹ̀ǹtímítà 25, ibẹ̀ gan-an ni omi ìbá sì gbà kọjá bí òjò bá pọ̀. A ro koríko rẹ̀, a fi ọkọ́ họ ilẹ̀ náà kó rí págunpàgun, torí amọ̀ tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ dídán. Lẹ́yìn náà, a ń dà á ní sẹ̀ǹtímítà 15, a ń gún un le kí a tó da òmíràn. Mo mú àárín ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, nítorí àárín ni yóò tún rì jù. Koríko Bahama la gbìn sí i nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, a sì fi igi dínà fún ọ̀kadà àti màlúù.

Ọ̀nà àkúnya, níbi tí omi tó bá pọ̀ jù nínú adágún ń gbà jáde, ni mo dúró lé jù lọ. Orí ilẹ̀ gidi, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ló wà. Ó fẹ̀ ní mítà 5, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi mítà 1 relẹ̀ ju orí ògiri. Àwọ̀n ni wọ́n ta dí i kí ẹja má bàa lọ, ewé àti ojú oró sì ti bo àwọ̀n náà pátápátá. Mo yọ ọ́. Ẹja tó bá fẹ́ lọ, kó lọ. Omi tó bá gun orí ògiri yẹ̀pẹ̀ kọjá ń gé e láti ẹ̀yìn títí tó fi wó, kò sí ẹja tó tó iye yẹn. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ìsédò Alau ní Borno ya lẹ́yìn òjò ńlá, omi gba ìgboro Maiduguri. Tiwa kéré gan-an sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ilé ń bẹ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ibi ìwẹ̀ ni mo ṣe kẹ́yìn. Mo yàn án sí òdìkejì adágún, kó jìnnà sí ògiri, sí ẹnu páìpù tó lè fa ẹsẹ̀ èèyàn mọ́ra, àti sí ọ̀nà àkúnya. Mo fi ọparun tí mo fàlà sí wọn jíjìn omi ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ ibi tí ilẹ̀ ti jìn lójijì. Okùn tí a so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ ló pààlà níbi tí omi ti jìn tó mítà 1.2, àwọn ọmọdé kì í kọjá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ forí sọ omi, torí omi náà kì í mọ́ tó láti rí kùkùté tó wà nísàlẹ̀. Gbogbo ẹni tó wọ ọkọ̀ àjẹ̀ ń wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀. Táyà tí a so okùn mítà 20 mọ́ wà lórí òpó kan létí omi: òun la ń jù sí ẹni tó ń rì, a kì í bẹ́ tọ̀ ọ́ lọ.

Àtọ̀sí ajá, tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, kò jìnnà sí irú omi yìí. Wọ́n ti rí i dáadáa lára àwọn ọmọdé tó wà nítòsí ìsédò Ọ̀yán, ní apá Abẹ́òkúta. Ẹni tó ní in á tọ̀ sínú omi, kòkòrò á wọ ìgbín kékeré tó wà lára ewé omi, á tún jáde nígbà tí oòrùn bá mú, á gba awọ ara wọlé. Nítorí náà mo kọ́ ilé ìtọ̀ sítòsí ibi ìwẹ̀ débi tí kò ní ṣòro fún ọmọdé láti sáré lọ, ṣùgbọ́n tí kò ní ṣàn sínú omi. A ń hú ojú oró àti òṣíbàtà kúrò ní gbogbo etí ibi ìwẹ̀. Ẹni tó bá tọ ẹ̀jẹ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn; praziquantel ni wọ́n fi ń wò ó.

Mo kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko ní ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá fa ẹni tí kò mí jáde. Ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu ní ìgbà 5. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà ní ìgbà 30, ẹ fẹ́ ìgbà 2, ẹ máa ṣe é lọ títí yóò fi mí tàbí tí wọ́n á fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Òpó tí a fàlà sí dúró nínú adágún. Bí omi bá ti ń gba ọ̀nà àkúnya, kò sí ìwẹ̀, kò sí ọkọ̀. Bí ó bá kan ilà pupa, tó fi sẹ̀ǹtímítà 40 relẹ̀ ju orí ògiri, ẹni tó ń ṣọ́ oko á bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ilé àti oko tó wà nísàlẹ̀ odò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà gbogbo wọn wà lára ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.