Bí a ṣe pa aṣọ láró pẹ̀lú àwọn obìnrin ogúnléndé ní Peckham

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, obìnrin 14 ló kóra jọ sí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹn aṣọ tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí aró má bàa mú ibẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n wá láti Sùdáànì, Erítíríà, Síríà àti Afghanistan. Èmi àti màmá ará Abẹ́òkúta kan nìkan la gbọ́ Yorùbá níbẹ̀.

Owó ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ wá, kí n tó ra aṣọ. Ẹni tó ń retí èsì ìwé tó fi tọrọ ààbò lọ́wọ́ ìjọba kì í sábà lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́. Àwọn tí ìjọba fi sí òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń fún lóúnjẹ, owó ọwọ́ wọn nígbà náà kò tó pọ́n-ùn 10 lọ́sẹ̀. Bọ́ọ̀sì àlọ àti àbọ̀ sì jẹ́ pọ́n-ùn 3 àti 50 pẹ́ńsì nígbà náà! Ẹni tó bá ti wọlé, mo ti ń fi owó ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ kó tó jókòó. A sì wá ẹni tí yóò máa bá wọn mójú tó ọmọ.

Láfún ni mo rà ní òpópónà Rye Lane ní Peckham. Mo rò ó bí ẹni ro ẹ̀kọ, mo fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, mo sẹ́ ẹ kó má ní kókó. Ìyẹ́ adìyẹ la fi ń ya ọnà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kìíní bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Oòrùn ló ń gbẹ ẹ̀kọ nílé. Níbí, ẹ̀kọ kò gbẹ, mo sì kánjú ti aṣọ bọ aró. Ẹ̀kọ yọ́, ọnà pa rẹ́. Obìnrin ará Erítíríà kan tó ti fi wákàtí méjì ya tirẹ̀ kàn ń wo aṣọ náà ṣáá. Ó dùn mí wọra. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí a bá ya ọnà kọ́ la ń rẹ ẹ́. Aṣọ á wà lórí okùn títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Mo bẹ àwọn tó ń ràn mí lọ́wọ́ pé kí wọ́n má bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó lé e kúrò nílé. Àwọn obìnrin náà ti rò ó fún agbẹjọ́rò, wọ́n ti rò ó fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ó tó. Mo fi ọnà àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn hàn wọ́n, pẹ̀lú òpó gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn tó wà nínú rẹ̀, mo ní kí kálukú ya ohun ìlú tirẹ̀. Ará Sùdáànì kan ya ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń se kọfí. Ará Erítíríà yẹn rí i, ó pariwo: "Jebena!" Orúkọ ìkòkò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí ya tirẹ̀.

Ìyá kan láti Kandahar kì í sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹrin, bí mo ṣe ń fi àdìrẹ alábẹ́rẹ́, èyí tí a ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ọnà sí kí a tó rẹ ẹ́, han gbogbo wọn, ìyá náà gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Khamak ni wọ́n ń pe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ìlú wọn. Fọ́nrán òwú ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó gún aṣọ. Ojú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wọn wẹ́ débi pé màmá Abẹ́òkúta wá gíláàsì wọn kí wọ́n tó rí i. Màmá ní, "Ọwọ́ yìí mà mọṣẹ́ o." Láti ọjọ́ náà, ìyá Kandahar ló ń kọ́ gbogbo wa.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, a yọ aṣọ nínú aró. Àwọ̀ ewé ló fi ń jáde, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró lójú ẹni. Ará Erítíríà fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ ẹ̀kọ tirẹ̀, ìkòkò kọfí funfun yọ jáde. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Jámánì. A kò tíì fọ ọwọ́ tán tí àbúrò fi pè.