Ohun Tí Kádẹ́ẹ̀tì Tuntun Gbọ́dọ̀ Mọ̀ Kó Tó Dé Pápá Lọ́jọ́ Sátidé

Aṣọ ni mò ń rán ní Tàkíé nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Tó bá di àárọ̀ Sátidé, mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù pa, màá wọ kakí, màá sì gba pápá ilé ìwé kan lọ láti kọ́ àwọn ọmọ kádẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọ́ ìtò àti ìrìn bíi ti sójà. Àǹtí Kọ́póràlù ni wọ́n ń pè mí, nítorí ibi tí mo bá oyè dé nígbà tí èmi náà wà ní ilé ìwé girama nìyẹn, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi kún un.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fà á tí mo fi ń kọ èyí. Wọ́n ti ra bọ́ọ̀tù fún un, wọ́n ti ra bẹ́rẹ́ẹ̀tì, ó sì ti ń sálúùtù fún ìyá rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Àmọ́ nígbà tí mo ní kó ṣe "about turn" fún mi, ìyẹn kó yí padà kọjú sẹ́yìn, ọwọ́ òsì ló gbà yí. Ọwọ́ ọ̀tún la máa ń gbà.

Etí ni kó o kọ́kọ́ mú dání o. Ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e bó bá yá. Àṣẹ orí pápá kì í wá lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ọ̀gá bá pe "Squad", ó ń jí ọ ni. Tó bá pe "about", ó ń sọ ohun tó fẹ́ kó o ṣe, àmọ́ kò tíì ní kó o ṣe é. Ìgbà tó bá já "turn" lu ilẹ̀ lo tó máa yí. Àlàfo kékeré tó wà láàárín méjèèjì yìí ló ń tú àṣírí ọmọ tuntun. Bàbá Sájẹ́ǹtì tó kọ́ wa, tó ti ogun abẹ́lé bọ̀ wá ń dá oko ẹ̀gẹ́, mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi àlàfo yẹn ṣe ìkà. Á pe "A-bá-òòòò...", á wá bẹ̀rẹ̀ sí í họ irùngbọ̀n. Ẹni tó bá ti mira, ó di kó sá yí igi mọ́ńgòrò ká lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún yẹn ni mo mọ gbogbo gbòǹgbò tó wà nídìí igi mọ́ńgòrò yẹn lórúkọ.

Tí wọ́n bá pe "Attention", gìgísẹ̀ méjèèjì á pàdé, ìka ẹsẹ̀ á yà díẹ̀, orúnkún á nà, ojú á wo iwájú. Ọwọ́ á di ẹ̀ṣẹ́ tí kò le jù, àtàǹpàkò á sì sùn sórí ojú ìránṣọ ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò. Ibi tí iṣẹ́ mi méjèèjì ti pàdé nìyí: tí télọ̀ bá rán ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò rẹ wọ́, àtàǹpàkò rẹ náà á wọ́, ìwọ lọ̀gá á sì bú. "Stand at ease" rọrùn jù ú lọ. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń kúrò, bí ìwọ̀n rúlà akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọwọ́ méjèèjì á lọ sẹ́yìn, ọ̀tún á wà nínú òsì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbọdọ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹsẹ̀ òsì náà la fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ìnṣì 30 ni ìṣísẹ̀ kan, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75, wọ́n sì ń gbé nǹkan bí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Má wulẹ̀ wá ohun ìwọ̀n lọ síbi kan. Téèpù télọ̀ jẹ́ ìnṣì 60, ìṣísẹ̀ méjì gan-an nìyẹn. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí, àárín àti ìdí rẹ̀, kó o máa rìn ín ní àràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ á mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ojú ń wò ó.

Ìdààmú tó ń bá àwọn kan ni pé tí wọ́n bá ti gbọ́ "Quick march", ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì á jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá máa rìn bí akàn. Ìrònú ló ń fà á. Nígbà tí wọ́n rán ọ ní ata ní Ọjà Jagun, ta ló kọ́ ọ bí wàá ṣe máa ju ọwọ́? Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá ní kí ọmọ náà máa bá mi sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn, kó máa ka orúkọ àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ fún mi. Kó tó kan ẹnì kẹrin, ọwọ́ ti padà sí àyè ẹ̀.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ níbi ọ̀rọ̀ dídákú, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Páréèdì ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni. Mi ò jẹun láàárọ̀ torí mo fẹ́ kí bẹ́líìtì mi fún dáadáa. A dúró títí, àlejò pàtàkì ò dé, oòrùn gun àtàrí. Ohun tí mo rántí kẹ́yìn ni pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí mi bí ẹni tó wà nínú kànga. Ojú ni mo fi lulẹ̀. Eyín iwájú mi kan ṣẹ́ létí, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: tó o bá dúró gbọnyin tí orúnkún rẹ le gbagidi, iṣan ẹsẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀ sí ẹsẹ̀, èyí tó ń lọ sórí á dín kù. Oòrùn á wá bá a dá sí i. Nítorí náà, mu ẹ̀kọ kó o sì jẹ àkàrà kó o tó kúrò nílé, mu omi láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, má ṣe dúró dìgbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́. Lórí ìlà, máa ká ìka ẹsẹ̀ kó o sì máa nà án nínú bọ́ọ̀tù. Ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Dẹ orúnkún díẹ̀. Tí ojú bá ń ṣú tàbí tí etí bá ń hó, kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan kíákíá. Bàbá Sájẹ́ǹtì ò bínú sí ẹni tó kúnlẹ̀ rí. Ẹni tó ṣubú lu ọmọ tó wà níwájú ẹ̀ ló máa ń bínú sí.

Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló dákú, tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó kọjú sókè, gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, tú bẹ́líìtì àti bọ́tìnnì ọrùn, kí àwọn èrò ìwòran sì kúrò níbi afẹ́fẹ́. Mo bẹ yín, ẹ má da omi sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn màmá wa máa ń ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ibi tó wà ò lè gbé omi mì, ọ̀nà èémí rẹ̀ ló lè gbà lọ. Tí kò bá jí láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti kádẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ẹ wá ọkọ̀ tó ń lọ sí ọsibítù.

Ní ti aṣọ, gátọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ìlà tí áyọ́ọ̀nù ń fà, ni mo fẹ́ rí lójú ṣòkòtò. Ẹni tó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tó fi di gátọ̀ méjì, kó fi omi rẹ́ ẹ, kó tún un lọ̀. Tó o bá fẹ́ kí bọ́ọ̀tù dán, pólíìṣì díẹ̀, omi díẹ̀, òwú, kó o máa fi ìka yí i róbótó-róbótó. Àwọn kan máa ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n bá àwọn rán aṣọ alámì-ewé bíi ti sójà. Mi ò rán an. Òfin Nàìjíríà ò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ológun máa wọ aṣọ ológun, ọmọ tó sì wọ̀ ọ́ lọ sí Sábó tí sójà gidi bá pàdé ẹ̀, èmi ò sí níbẹ̀.

Ó kan sálúùtù tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe fún ìyá rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Àṣẹ tí ìjọba gbé lé ọ́físà lọ́wọ́ lò ń sálúùtù fún. A kì í sálúùtù fún sájẹ́ǹtì, bó ti wù kí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn tó, a kì í sì í ṣe é láìdé fìlà. Ìyá rẹ kì í ṣe ọ́físà, ìdọ̀bálẹ̀ lo jẹ ẹ́. Láti dá wọn mọ̀, wo apá àti èjìká. Ìlà kan lápá jẹ́ láàǹsì kọ́póràlù, méjì jẹ́ kọ́póràlù, mẹ́ta jẹ́ sájẹ́ǹtì. Èjìká ni ti àwọn ọ́físà wà: ìràwọ̀ kan, méjì, mẹ́ta, láti orí sẹ́kọ́ǹdì lẹfutẹ́náǹtì títí dórí kápútéènì. Tó o bá ti rí ẹyẹ idì láìsí ìràwọ̀, Májọ̀ nìyẹn. Idì pẹ̀lú ìràwọ̀ kan, lẹfutẹ́náǹtì kọ́nẹ́ẹ̀lì.

Wọ́n máa bi ọ́ ní lẹ́tà orí rédíò. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé B, D, P àti T jọra létí tí ariwo bá wà, bí ìgbà tí ìyá rẹ bá ń pariwo nọ́ńbà mọ́tò lórí fóònù ní gáréèjì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ló dúró fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ìlú wa ni mo fi ń kọ́ wọn: Oscar, Golf, Bravo, Oscar, Mike, Oscar, Sierra, Oscar. Fi orúkọ ara rẹ ṣe é, kó o tún fi ti bàbá rẹ ṣe é, wàá ti mọ ìdajì. Alfa tó jẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe àáfà tó ń kéwú o, ọmọ kan ti bi mí rí. Aago wọn kò ní òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́: aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni 1430. Láti aago kan ọ̀sán lọ, fi 12 kún un, ó tán.

Ìtọ́sọ́nà ni mo fẹ́ràn jù. Nà ọwọ́ ọ̀tún sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, àríwá lo kọjú sí yẹn. (Ní oṣù Kejìlá, oòrùn máa ń yọ sí apá gúúsù díẹ̀, má jẹ́ kó tàn ọ́.) Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní àyè tó dára fún ẹ̀kọ́ yìí. Ìlọrin wà láàárín àríwá àti ìlà-oòrùn wa, Òṣogbo wà láàárín gúúsù àti ìlà-oòrùn, Ọ̀yọ́ wà láàárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Kọ́ńpáàsì pín àyíká sí dìgírì 360, láti àríwá lọ sí ọ̀tún. Tó o bá fa ìlà tààrà láti ọ̀dọ̀ wa sí Ọ̀yọ́, nǹkan bí 230 ló máa jẹ́. Tó o bá fẹ́ mọ ti àbọ̀, yọ 180 kúrò, ó di 50. Tí ti àlọ kò bá tó 180, ṣe ni wàá fi 180 kún un: Ìlọrin jẹ́ nǹkan bí 40, àbọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 220. Ọmọ tó mọ èyí, tó bá sọnù sínú igbó, á kàn yí padà gba ibi tó gbà wá ni.

Àsíá: Táíwò Akínkúnmi ló yà á ní 1959 nígbà tó ń kàwé nílùú London. Oòrùn pupa wà láàárín rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ló yọ ọ́. Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó wà ní ìdajì òpó nítorí òkú, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà á dé ṣónṣó kó o tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìdajì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kùnà. Orin orílẹ̀-èdè: èyí tí wọ́n pa tì ní 1978 ni wọ́n dá padà ní oṣù Karùn-ún 2024. Ọ̀sẹ̀ tí ìyẹn ṣẹlẹ̀, àwọn bàbá àgbà tó jókòó sábẹ́ igi ń kọ ọ́ láìwo ìwé, èmi olùkọ́ ń kà á látinú àtẹ́lẹwọ́ mi tí mo kọ ọ́ sí. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Wọ́n á bi ọ́ ní ọjọ́ ìrántí àwọn ológun. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ló wà tẹ́lẹ̀, nítorí ogun àgbáyé kìíní. Ó di ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, nítorí ọjọ́ yẹn ní 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Níbí, ọjọ́ yẹn ní ìtumọ̀ mìíràn pẹ̀lú: ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966 ni wọ́n pa Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, nílùú Ìbàdàn. Tí wọ́n bá ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo máa ń rí àwọn àgbà wa tí wọ́n ń ro ti méjèèjì pọ̀.

Ìbọn igi ni wọ́n máa fún ọ. Gbé e bíi pé ọta wà nínú rẹ̀. Má kọ ẹnu rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, kódà nínú eré. Tó o bá rí ọta gidi nílẹ̀ níbikíbi, má fọwọ́ kàn án, dúró síbẹ̀ kó o pe àgbà.

Aago 0630 la ń péjọ ní Sátidé, ẹni tó bá dé ní 0631, igi mọ́ńgòrò ṣì wà níbẹ̀. Mú omi, pẹ́ńsùlù, ìwé kékeré, áńkáṣíìfù, àti abẹ́rẹ́ tó ti ní òwú lójú. Ọmọ tí àǹtí rẹ̀ jẹ́ télọ̀ tó wá fi bọ́tìnnì já wọ ìlà, mi ò ní sọ pé mo mọ̀ ọ́n.